Omi Tútù Lábẹ́ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ràn ọyẹ́, kó máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Èmi kórìíra rẹ̀ láti kékeré, mo sì tún kórìíra rẹ̀ sí i lẹ́yìn tí mo di ìyá ọmọ. Ní Ọ̀mù-Àrán tí wọ́n bí mi sí, àwọn èèyàn máa ń yọ̀ bí ó bá dé, torí ìgbà náà ni iṣu ń wọlé láti oko, tí ọkà bàbà ń gbẹ, tí ọ̀nà sì ń dára fún ẹni tó fẹ́ lọ kí ará rẹ̀ lókèèrè. Ní ilé tiwa, bí ètè àwọn ọmọdé bá ti ń là báyìí, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í to igi ìdáná jọ sẹ́yìn ilé, á tò ó títí yóò fi ga jù ú lọ. Àwọn aládùúgbò rò pé ahun ni, pé kò fẹ́ kí igi tán lọ́wọ́ òun kó máa tọrọ. Kì í ṣe ahun. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Baba mi ló ni àìsàn náà. Ọkùnrin alágbára ni. Nígbà òjò, àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a kọ ebè kó má sinmi ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òtútù àárọ̀ ọyẹ́ bá bá a lóko, tó sì di ọkọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tú mọ́. Ìka rẹ̀ á gan mọ́ igi ọkọ́ bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ọn. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi iṣẹ́ lé òtútù lára. Bí baba mi bá ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ lé tirẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ojú rẹ̀ á le, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wúwo, ahọ́n rẹ̀ á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wá dà bíi ti ọ̀mùtí. Èyí tó burú jù ni ohun tó ń tẹ̀lé líle náà. Apá rẹ̀ méjèèjì á rọ, á máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, kò ní í lè gbé igbá omi dé ẹnu. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí òòrùn á fi gun orí. Bí ooru bá wá wọ̀ ọ́ lára dáadáa, á dìde, á gbé ọkọ́, á máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Nínú ilé, àlejò là ń pè é. "Àlejò ti dé sọ́wọ́ baba yín," ìyá mi á wí, àwa á sì mọ̀ pé ká kó ẹyin iná wá. Ìyá tó bí baba mi ní in ṣáájú rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí ìyá wa bí, àwa ọmọbìnrin méjì ló rí tọ́ dàgbà. Èmi ẹ̀gbọ́n ní in, àbúrò mi kò ní in. Bí ìyá mi ṣe mọ̀ kò ṣòro. Láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, á fi omi tútù bọ́jú fún wa, á sì dúró wò. Tèmi, bí mo bá ti di ojú nígbà tí mo ń ké, ojú náà kò ní í là mọ́ títí yóò fi gbé mi sẹ́bàá iná. Ti àbúrò mi, ojú rẹ̀ á là gbòò, á sì máa wo ìyá mi bí ẹni pé ó fẹ́ bú u. Ìyá mi ní òun sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa lè béèrè pé kí ló dé tí a fi ń fi í pamọ́, nígbà tí kò pa ẹnikẹ́ni. Ìgbéyàwó ló fà á. Kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ, alárinà á ti yí ilé rẹ po. Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu aládùúgbò, ọmọ rẹ á gbó sínú ilé. Nítorí náà ni baba mi ṣe gbà kí gbogbo ìlú máa pe òun ní ọ̀lẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ sóko ní ìdájí, wọ́n á rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ń yáná bí arúgbó, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ kò lóko ni?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Mo ní i, ẹ bá mi kí i." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan pé, "Wọ́n ń fẹ́ ọmọ ọ̀lẹ. Ọmọ aláìsàn ni wọn kì í fẹ́."

Àbúrò mi ló ń bá mi ṣe gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ omi tútù. Òun ló ń pọnmi tèmi, òun ló ń fọ aṣọ mi lódò, á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti di ẹrú ẹ̀gbọ́n òun kí ogun tó kó òun. Àwa méjèèjì jọ ń hun aṣọ kíjìpá; èmi kì í jókòó ti òfì kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá mi kìlọ̀ fún wa títí etí wa fi kún. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ni," ó wí. "Bí wọ́n bá mọ ti ọ̀kan, wọ́n ti ba ti èkejì jẹ́ nìyẹn." Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí ju orúkọ àwọn baba ńlá mi lọ.

Ìgbà òjò ni wọ́n gbé mi lọ ilé ọkọ ní Rore, ìyá mi ló sì tò ó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi jẹ́ àgbẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ wà láyé, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n tí kì í fi oúnjẹ du èèyàn. Mo gbádùn ilé náà títí ọyẹ́ fi dé. Ìyàwó ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọnmi. Mo máa ń jí ṣáájú àkùkọ, màá ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú eérú gbígbóná, kí n tó gbé ìkòkò. Mo máa ń sun iṣu kékeré kan, màá dì í mọ́wọ́ dé odò. Síbẹ̀ omi odò kò mọ̀ pé mo yáná. Ó tó ìgbà mélòó kan tí ọwọ́ mi gan mọ́ etí ìkòkò, tí apá mi sì rọ lójijì, tí ìkòkò ṣubú. Ìyá ọkọ mi wò mí, ó wo àpáàdì nílẹ̀. "Ìyàwó," ó ní, "ọyẹ́ ló máa kìlọ̀ fún onítòbí. Wá aṣọ bora." Ó rò pé mo ń gbọ̀n ni. Àwọn obìnrin ilé tó kù ní wọn ò rí irú ìyàwó tó ń ba ìkòkò jẹ́ tó báyìí rí.

Ọkọ mi rí ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan tó gan mọ́ ọmọ odó. Mo ní mo sùn lé e ni. Ó jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbóná pa á lára díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí pé irọ́ ni mo pa fún un.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni mo bímọ. Ọyẹ́ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti dọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé kan ní Òrò ti wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn. Alárinà ti yí ilé wa po, ó sì rí baba ọ̀lẹ, kò rí nǹkan mìíràn. Wọ́n ti gbé iṣu wá, àbúrò mi sì ti rí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní eyín rẹ̀ funfun. Bí wọ́n bá ti kó ọkà tán, wọ́n á gbé e. Nígbà tí mo bímọ, ìyá mi rán an wá sí Rore láti bá mi tọ́jú ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi nínú omi tútù. Ọmọkùnrin ni. Omi gbígbóná ni a fi ń wẹ̀ ẹ́, nínú yàrá tí iná kì í kú níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú, ó sín, ojú rẹ̀ sì dì. Kò là. Àbúrò mi pa dà sínú yàrá, ó gbé ojú ọmọ náà sún mọ́ ọrùn ara rẹ̀ títí ó fi là. A wo ara wa.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí a ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, wọ́n á gbé ìyá àti ọmọ jáde láàárọ̀, wọ́n á da omi sórí òrùlé, ìyá á sì gbé ọmọ kọjá níhòòhò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi náà lè kán sí i lára. Ọmọ gbọ́dọ̀ ké. Bó bá ti ké, gbogbo ilé á hó yèè, torí ọmọ tó ké ti mọ ilé tó wá, ó sì fẹ́ dúró. Èyí tí kò bá ké, wọ́n ní ojú ọ̀nà ló ń wò. Ilé ọkọ mi sì ti sin àbíkú tó pọ̀. A rí ọmọ tí wọ́n gé létí, a rí èyí tí wọ́n sun ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Àbúrò mi ní òun máa bu omi gbígbóná mọ́ omi náà kí wọ́n tó dà á. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ti gbé igbá omi gbígbóná dé ẹ̀bá ìkòkò nígbà tí ìyá ọkọ mi gbá a lọ́wọ́ mú. "Omi ọmọ kì í fojú kan iná," ó ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ń ṣe é ní Ọ̀mù ni?" Àbúrò mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun kò mọ̀.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà bò débi pé a kò rí igi tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Ojúde kún. Àwọn obìnrin ilé, àwọn tí wọ́n fẹ́ láti Òrò àti láti Èsìẹ́, àwọn àgbà ọkùnrin lórí ẹní, ọkọ mi nínú aṣọ tí mo hun fún un. Wọ́n da omi sórí bẹẹrẹ òrùlé, mo sì gbé ọmọ mi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Omi náà kán sí i láyà, ó kán sí i lójú. Ó la ẹnu láti ké. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dúró bẹ́ẹ̀. Ohùn kò jáde.

Baálé ilé, ẹ̀gbọ́n baba ọkọ mi, ní, "Tún gbé e kọjá." Wọ́n tún da omi. Mo tún gbé e kọjá, mo tẹ̀ bò ó kí omi má bàa pọ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi fà mí lápá, ó ní kí n má bo ọmọ. Ojú ọmọ náà ti le gbagidi. Èmi tí mo mọ bó ṣe ń rí mọ̀ pé ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, pé ó ń fẹ́ ké, pé ara rẹ̀ ni kò jẹ́ fún un. "Ọmọ yìí kò fẹ́ wa," obìnrin kan wí lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi ti ń sunkún. "Ẹ dà á sí i," ó ní. "Ẹ dà á títí á fi ké. Mi ò ní í tún sin òmíràn." Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pa á lójú mi.

Wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni mo rí i tí apá ọmọ mi rọ, tí ó fì sẹ́yìn lórí ọwọ́ mi, tí àyà rẹ̀ kò gbéra dáadáa mọ́. Mo wo àbúrò mi. Ó dúró láàárín àwọn obìnrin Òrò, ó gbé igbá obì lọ́wọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Bóyá ó mọ̀ pé mò ń wo òun, bóyá kò mọ̀. Mo kígbe.

"Ẹ má dà á mọ́! Òtútù ni! Àìsàn ilé wa ni, èmi náà ní in, baba mi ní in! Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sídìí iná!"

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo tú aṣọ àyà mi, mo fi ọmọ náà mọ́ ara mi, mo sì jókòó sún mọ́ iná tó fi jó mi lórúnkún. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Àyà rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ kan là, èkejì là. Ó wá ké. Ó ké tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lójúde gbọ́, wọ́n sì hó yèè bí ó ti yẹ kí wọ́n hó tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ń fọwọ́ pa ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún un ní oyin, wọ́n fún un ní iyọ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn èèyàn jẹun. Ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà á rò pé ayọ̀ wa pé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni baálé ilé pè mí. Ó ní kí n tún ohun tí mo sọ sọ. Mo sọ ọ́ fún wọn látòkèdélẹ̀, mo sì ti ọwọ́ mi bọ inú omi tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, mo ń ṣí i mò ń pa á títí ó fi gan lójú wọn. Wọ́n wò ó. Ìyá ọkọ mi ní, "Àwọn èèyàn rẹ mọ̀, wọn ò sọ fún wa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Baálé ilé yíjú sí ọkọ mi, ó ní kí lòun náà rí sí i. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀, ní, "Ìyàwó mi ni, ọmọ mi ni. Ibo lẹ fẹ́ kí n kó wọn lọ?" Bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe parí nìyẹn. Wọn ò lé mi. Láti ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò tún rán mi lọ sódò láàárọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn obìnrin Òrò ti gbọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn: bóyá wọn ò ní ìkà nínú, bóyá wọ́n kàn rò pé ó yẹ kí àwọn èèyàn wọn mọ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi ń di ẹrù rẹ̀. Mo ní kó bínú sí mi bó bá fẹ́ bínú. Ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "nígbà tí wọ́n ń da omi yẹn, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kẹ́ ẹ má sọ ọ́. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kẹ́ ẹ tètè sọ ọ́. Mi ò mọ èyí tó gbọ́ nínú méjèèjì." Ó gbé ọmọ, ó fi ẹnu kan ìka rẹ̀, ó sì gbé e fún mi.

Kí ọjà Òrò tó tún ná, alárinà ti dé ilé baba mi. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn tó rán òun ní kí òun kí wa, pé wọn ò lè ṣe é mọ́. Iṣu tí wọ́n gbé wá ńkọ́? Wọ́n ní wọn ò ní í gbà á, ká máa jẹ ẹ́. Baba mi kò jẹ nínú iṣu náà. Iṣu náà jẹrà mọ́lẹ̀ ní àká.

Àbúrò mi ní òun ò gbà. Ó ní òun máa lọ fi ọwọ́ òun hàn wọ́n. Ìyá mi sunkún, ó ní irú ọmọbìnrin wo ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ ọkọ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e, èmi náà sì pọn ọmọ mi, mo bá wọn lọ. A dé Òrò láàárọ̀ tí ọyẹ́ ń bò. Àbúrò mi kúnlẹ̀ lójúde ilé náà, ó kí gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun bu omi tó sun ìta. Wọ́n bù ú wá. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Ó ń bu omi wọ́n ojú rẹ̀, ó ń pa ojú dé, ó ń là á. Àwọn èèyàn pé jọ. Ó wà nínú omi yẹn títí òòrùn fi yọ, tí ètè rẹ̀ sì ti funfun. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú òwú àti ìrànwú láti àpò ìyá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú níwájú wọn. Òwú náà jáde tínrín, kò já. Mo mọ iye ìgbà tí mo ti gbìyànjú irú rẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ tí n kò lè di òwú mú. Inú mi dùn, mo rò pé a ti ṣẹ́gun.

Ìyá ọkùnrin náà bá a gbé omi kúrò. Ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ọwọ́ àbúrò mi, ìka kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ dáadáa ni ọ́," ó ní. "Mo rí i, gbogbo wa rí i. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló ń bà wá lẹ́rù, ọmọ mi. Ikùn rẹ ni."

Ọkùnrin eléyín funfun náà wà lẹ́bàá ògiri ní gbogbo àkókò yẹn. Kò gbé ojú sókè. Mo ṣépè fún un nínú mi, mi ò sì tíì mú èpè náà kúrò. Bó bá jẹ́ pé ó sọ gbólóhùn kan bí ọkọ tèmi ti sọ, ìbá tó.

Kò sí ẹni tó tún wá tọrọ rẹ̀ ní ìtòsí. Níkẹyìn baba mi fi í fún bàbá arúgbó kan lápá Ṣáárẹ́, tó ti ní ìyàwó mẹ́ta, tó ń wá ẹni tó máa tọ́jú ẹsẹ̀ òun tó wú. Wọ́n sọ fún bàbá náà. Ó ní òun ti dàgbà, kí ló kàn òun nípa òtútù. Ìgbà yẹn, ojú ọ̀nà kò dára. Bí kì í ṣe àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ni, èèyàn kì í fẹsẹ̀ lásán rin ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí n kò fojú kàn án. Mo máa ń gbọ́ pé ó bímọ, pé gbogbo wọn ń fọwọ́ bọ omi bí ó ti wù wọ́n. Mo ti pẹ́ láyé tó láti mọ̀ báyìí pé ẹni tí kò ní in kì í bí ẹni tó ní in. Mo ti wo ilé wa láti orí ìyá baba mi dé orí àwọn ọmọ ọmọ, kò yẹ̀ rí. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ti kú.

Àwọn èèyàn ti bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Rárá. Bí wọ́n bá tún gbé ọmọ náà kọjá lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lónìí, màá tún kígbe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bà, mo sì mọ orí ẹni tí tèmi bà.

Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, mo lọ wo àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná ni mo fi lọ, kí ara mi lè gbà mí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn orogún rẹ̀ kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé wọn ò bá a jẹ nínú àwo kan náà. Orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó dì mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun tún ti rí ẹni tí òun máa pọnmi fún. Ó gbé oúnjẹ wá, ó jókòó tì mí.

"Ọmọ wa ńkọ́?" ó ní.

Mo sọ fún un pé ó ti di ọkùnrin, pé ó ga ju baba rẹ̀ lọ, pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gan bí ọyẹ́ bá dé. Nítorí pé inú mi dùn láti rí i, mo sọ ìyókù pẹ̀lú. Mo ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó fún un ni, ọmọ Èsìẹ́, ọmọ tó mọ̀wàáhù.

Ó yíjú sí mi. "Wọ́n mọ̀ nípa ọwọ́ rẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n rí i." Mi ò dákẹ́ síbẹ̀, ẹnu mi kò gbọ́. "Wọ́n ní kò burú, ọkùnrin ni, ó sì ní oko. Wọ́n ní kó máa jẹ́ kí òòrùn yọ kó tó jáde."

Àbúrò mi mi orí. Ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi. Ó wo ojúde, níbi tí ọmọbìnrin kan tó sígbọnlẹ̀ ti ń gún iyán, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àkọ́bí mi nìyẹn," ó ní. "Díẹ̀ ni ọmọ yín fi jù ú lọ. Àwọn obìnrin méjì ló tún tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì sí ẹni tó wá béèrè èyíkéyìí nínú wọn."

Ọmọ náà yí iyán inú odó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.